Orí Kẹfà: Títọ́kùn Ètò Ará Ìlú Lórí Rédíò

Ní orí karùn-ún, a sọ̀rọ̀ nípa kíka ìròyìn. Akàròyìn ń ka ohun tí a ti kọ sílẹ̀ fún un, tó bá sì ti kí àwọn olùgbọ́ pé ó dìgbà, iṣẹ́ ti parí. Ti atọ́kùn ètò ará ìlú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, bàbá tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò, nọ́ọ̀sì tó wà ní ibùdó ìlera káńsù, àwọn ló ni ètò náà. Iṣẹ́ atọ́kùn ni láti wá wọn rí, láti bi wọ́n ní ìbéèrè tí yóò jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀, àti láti tọ ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn títí ìdáhùn yóò fi jáde. Wákàtí kan tí à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ ló kéré jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó tan maíìkì, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á.

Bí ètò náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé Èkó ní 1935, àpótí kan ni wọ́n ń fi wáyà gbé wọ ilé àwọn tó bá lè san owó rẹ̀. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní 1939. Ìlú London ni ọ̀pọ̀ ohun tó ń jáde nínú àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì náà ti ń wá. Nígbà tó di 1959, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, WNBS fún rédíò àti WNTV fún tẹlifíṣàn, àwọn òǹkọ̀wé bí Adébáyọ̀ Fálétí sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òfin 1992 ló dá NBC sílẹ̀, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn ní Nàìjíríà, òfin náà ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún aládàáni láti dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí ètò ará ìlú padà jù lọ kò ti ilé iṣẹ́ rédíò wá rárá. Ní oṣù Ògún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Kó tó dìgbà náà, lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ń kọ, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lè kọjá kí wọ́n tó kà á. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ lè pè, kí gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ bí Amúlùdùn ní Mọ́níyà, Òrìṣun ní Ilé-Ifẹ̀ àti Bond FM ní Èkó ń fi Yorùbá ṣe ọ̀pọ̀ ètò wọn.

Nínú àwọn atọ́kùn tó ti lọ, méjì ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ohùn wọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ gbọ́. Gbénga Adébóyè, tó kú ní 2003, mọ bí a ti ń fi àwàdà àti oríṣiríṣi ẹ̀ka èdè Yorùbá mú olùgbọ́ jókòó. Kọ́lá Ọláwuyì, tó ń ṣe Nǹkan Ńbẹ, máa ń dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, á sì jẹ́ kí ẹni tọ́rọ̀ kàn fẹnu ara rẹ̀ rò ó. Ohùn dídùn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń lé nínú iṣẹ́ yìí. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ tó ń rìn ló ṣọ̀wọ́n jù, òun ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ní.

Wíwá ọ̀rọ̀, wíwá ẹni

Ọ̀rọ̀ kì í dédé wá bá atọ́kùn ní stúdíò. Èyí tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ẹni tó lágbára tàbí tó lówó ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, jáde. Lọ jókòó ní ìsọ̀ télọ̀, ní ibùdókọ̀, ní ìdí ẹ̀rọ omi, ní ìpàdé ẹgbẹ́ onílé. Má gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí wọn bó ti yẹ kí á kí wọn: onídìrí ń gbọ́ "ojú gbooro", aláró ń gbọ́ "àredú", alágbẹ̀dẹ ń gbọ́ "àrọ́yè". Ẹni tí a bá kí ní ìkíni iṣẹ́ rẹ̀ á mọ̀ pé a rí iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ tó máa bá wa sọ yóò sì yàtọ̀ sí èyí tó ń bá oníṣẹ́ ìròyìn tó kàn sáré wọlé sọ.

Ní ìwé kan tí o ó máa kọ orúkọ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, kọ ohun tí ẹni náà mọ̀ dáadáa, kí o sì kọ àkókò tó ráyè. Ẹlẹ́ja kò ráyè láàárọ̀. Awakọ̀ kò lè dáhùn fóònù nígbà tí ọ̀nà bá gbóná. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwé yìí yóò níye lórí ju gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní stúdíò lọ, nítorí pé nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò kan, o ti mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tí kò ní fi irọ́ kún un.

Ohun tí o bá gbọ́ níta kò tíì di ọ̀rọ̀ ètò. "Ọ̀nà wa ò dáa" jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo? Láti ibo dé ibo? Láti ìgbà wo? Ta ló ni ín? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ atọ́kùn kì í béèrè, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń bú gómìnà lórí ohun tó jẹ́ ti alága káńsù, tí wọ́n sì ń bú alága lórí ọ̀nà tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ka Àtẹ Kẹrin tó wà lẹ́yìn ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Ó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ kedere: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ibi ìsìnkú, gọ́tà, iná ojú pópó, kíkó ìdọ̀tí, fífún ọ̀nà lórúkọ. Ojú ewé yìí ló yẹ kí atọ́kùn há sórí. Tó bá mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé "kì í ṣe iṣẹ́ wa nìyẹn" kó gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo gọ́tà, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tó dà bíi pé ó kéré tó o. Ní 31 oṣù Ògún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ní 26 oṣù Ògún 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ nílùú kan náà, àwọn tó bá a lọ lé ní 100, afárá sì já káàkiri. Òjò tó pọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kọ́ sún mọ́ odò jù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sí ojú omi náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí à bá ti sọ lórí rédíò lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí kó tó di ọ̀rọ̀ ẹkún. Atọ́kùn tó ń gbé ìlú olódò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa gọ́tà láti oṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò ńlá tó dé. Ètò tó dúró di ọjọ́ tí omi wọlé ti pẹ́ jù.

Bíbéèrè ìbéèrè

Ká ní ọ̀rọ̀ gọ́tà ọjà kan ni atọ́kùn gbé wá sórí ètò, ìyálọ́jà sì ni àlejò rẹ̀. A ó ka àpẹẹrẹ méjì. Àwa la ṣe é fún ẹ̀kọ́ yìí.

Èkíní:

ATỌ́KÙN: Màmá, ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọba ti pa ọjà yín tì pátápátá, tí wọn ò bìkítà fún ìyà tó ń jẹ yín?
ÌYÁLỌ́JÀ: Òótọ́ ni.
ATỌ́KÙN: Ṣé ó wá yẹ kí wọ́n máa ṣe báyìí sí yín?
ÌYÁLỌ́JÀ: Kò yẹ o. Kí Ọlọ́run bá wa dá sí i.

Èkejì:

ATỌ́KÙN: Màmá, ẹ kú ọjà o, àtàjèrè. Òjò ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kí lẹ bá ní ìsọ̀ yín nígbà tẹ́ ẹ dé láàárọ̀?
ÌYÁLỌ́JÀ: Háà, ọmọ mi. Omi ni mo bá. Àpò ẹ̀wà méjì tí mo tò sílẹ̀ ti mumi, gbogbo ẹ̀ ti wú. Mo sá a sóòrùn títí, ó ń rùn. Mo dà á nù ni.
ATỌ́KÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ibo lomi ọ̀hún gbà wọlé?
ÌYÁLỌ́JÀ: Ẹ̀yìn ni. Gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀ àwa ẹlẹ́wà ti dí.
ATỌ́KÙN: Kí ló dí i?
ÌYÁLỌ́JÀ: (Ó dákẹ́ díẹ̀.) Ká má purọ́, ìdọ̀tí ọjà náà ni. A máa ń dáwó fún ọmọkùnrin kan tó ń bá wa gbálẹ̀. Ibẹ̀ ló ń dà á sí. A sì mọ̀.
ATỌ́KÙN: Kí ló dé tí kò fi gbé e lọ síbi tí wọ́n ń dalẹ̀ sí?
ÌYÁLỌ́JÀ: Ibo nìyẹn? Àpótí ńlá tí káńsù gbé sẹ́nu ọ̀nà ọjà, wọ́n wá gbé e lọ pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí.

Nínú àpẹẹrẹ kìíní, atọ́kùn ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó kù fún ìyálọ́jà ju kó gbà lọ. Inú àwọn tó ń gbọ́ lè ru sókè, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ tàbí ẹni tó yẹ kó ṣe nǹkan sí i. Bí alága káńsù bá pe ètò náà, yóò ní irọ́ ni, kò sì sí ohun tí atọ́kùn fẹ́ fi dá a lóhùn.

Wo èkejì wàyí. Ìbéèrè kúkúrú ni gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì mú ẹsẹ̀ lé ohun tí màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ìbéèrè "kí ló dí i?" ni atọ́kùn tó ń kánjú máa ń fò, nítorí ó ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé ìjọba ló jẹ̀bi. Ṣàkíyèsí ibi tí màmá ti dákẹ́. Ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ máa ń ba ọ̀pọ̀ atọ́kùn lórí rédíò, wọ́n á sì sáré fi ọ̀rọ̀ tiwọn dí i. Ká ní atọ́kùn yìí dí i níbẹ̀, òótọ́ tó wà lẹ́nu màmá ì bá padà sínú. Ka ení dé ẹ̀ta nínú ara rẹ kí o tó la ẹnu.

Ohun tí a rí gbà nínú èkejì pọ̀ ju ẹjọ́ lọ. A mọ̀ pé àwọn ọlọ́jà náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, a mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, a sì mọ ohun kan pàtó tí a ó bi káńsù: àpótí ìdalẹ̀sí ọjà yẹn, ibo ló wà, ọjọ́ wo ni yóò padà dé? Àwọn kan rò pé ìfẹ́ ará ìlú ni kí á má jẹ́ kí àléébù wọn hàn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Màmá tó sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ ti jẹ́ kí káńsù má rí ibi sá sí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí àti ọ̀wọ̀ wà nínú iṣẹ́ yìí fún àwa Yorùbá ju bí ìwé òyìnbó ṣe kọ ọ́ lọ. Ká ní ọmọ ọdún 25 ni atọ́kùn, tí ẹni ọdún 60 sì ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó níwájú rẹ̀. Ó bi í pé ọjọ́ wo ni àpótí yóò dé, òṣìṣẹ́ náà sì ń fèsì pé ìjọba àwọn ń gbìyànjú gan-an. Ṣé kó gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé bàbá ni? Rárá. "Ẹ má bínú sà, àwọn tó ń gbọ́ wa lọ́jà yóò fẹ́ mọ ọjọ́ náà." Tó bá tún yẹ̀ ẹ́: "Mo gbọ́ yín, Bàbá. Tí kò bá tíì sí ọjọ́, ẹ lè sọ fún wọn bẹ́ẹ̀." Ọ̀wọ̀ wà nínú "ẹ", nínú "sà", nínú ohùn pẹ̀lẹ́. Kò sí nínú kí á gbé ìbéèrè jù sílẹ̀. Béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o wá sọ fún olùgbọ́ láìfi ohùn bínú pé a kò tíì rí ọjọ́ gbà, kí o sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Gbígba ìpè

"Hẹ́lò, ta là ń bá sọ̀rọ̀, ibo lẹ ti ń pè wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí rédíò yín sílẹ̀, ẹ máa fi fóònù gbọ́ wa." Gbogbo atọ́kùn ló ń sọ gbólóhùn yìí, ó sì ní ìdí. Tí rédíò bá ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń pè, ohùn tó ń jáde nínú rẹ̀ yóò tún gba inú fóònù wọ stúdíò, ariwo yóò máa yí po. Ní ilé iṣẹ́ tó bá ní ẹ̀rọ tó ń dá ohùn dúró díẹ̀ kó tó jáde, bí ìṣẹ́jú-àáyá méje, ẹni náà á tún máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn, á sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni láti fún wa láyè gé èébú tàbí ẹ̀sùn kúrò kó tó dé etí ìlú. Ẹyin lohùn. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ náà, ọwọ́ atọ́kùn gbọ́dọ̀ wà nítòsí bọ́tìnì ní gbogbo ìgbà.

Tí ẹni tó pè bá dárúkọ ẹnìkan pé olè ni, má bá a jiyàn, má sì bá a gbè é. Fa ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o sọ pé: "A dúpẹ́ tẹ́ ẹ pè. A ò lè gba orúkọ yẹn lórí afẹ́fẹ́, ẹni náà ò sí níbí láti fèsì. Ẹ dúró lórí fóònù, olóòtú wa máa bá yín sọ̀rọ̀." Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a ó wádìí rẹ̀, a ó wá ẹnìkejì, a ó sì gbé e wá lọ́sẹ̀ mìíràn.

Ìṣòro kan tún wà tí kò jẹ mọ́ ẹ̀rọ. Àwọn kan náà ló máa ń pè lójoojúmọ́, atọ́kùn á ti mọ ohùn wọn, wọ́n á sì di ọ̀rẹ́ ètò. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe gbogbo ìlú. Ẹni tí kò lówó káàdì, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tí ojú ń tì, wọn kò ní pè. Ohùn irú wọn ni kí o máa lọ gbà sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, kí o sì fi ṣíwájú ìpè.

Ohun tí òfin wí

Ìlànà NBC pín rédíò ará ìlú sí mẹ́ta: ti ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga, ti ìgbèríko àti ti àdúgbò inú ìlú. Òfin àjọ náà kò gbà kí wọ́n fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ní ìwé àṣẹ. Ìlànà náà tún sọ pé ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti fèsì. Ní àsìkò ìbò, òfin ìdìbò sọ pé ìpolongo gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró ní wákàtí 24 kí ọjọ́ ìbò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà má gba olóṣèlú tó fẹ́ wá "kí" àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìbò.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 dáàbò bo ọmọ tó bá wà nínú ẹjọ́. Má dárúkọ rẹ̀, má dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, má dárúkọ òpópónà rẹ̀. Ní ìlú kékeré, tí o bá ní "ọmọ télọ̀ tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí", o ti dárúkọ rẹ̀ tán.

Èyí tó wúlò jù fún atọ́kùn, tí wọn kì í sì í lò tó, ni Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011. Ẹnikẹ́ni ló lè fi lẹ́tà béèrè ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, kò sì di dandan kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Kọ lẹ́tà, gba ẹ̀dà tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀, tọ́jú rẹ̀.

Owó

Ọ̀pọ̀ atọ́kùn lóde òní kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rédíò. Wọ́n ń ra àsìkò lórí afẹ́fẹ́ ni, wọ́n á sì wá onígbọ̀wọ́ tí yóò polówó ọjà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà. Tí ilé ìwòsàn aládàáni kan bá ń gbọ̀wọ́ ètò rẹ, tí olùgbọ́ sì pè nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀, kí lo máa ṣe? Jẹ́ kí àdéhùn tí ìwọ àti onígbọ̀wọ́ jọ fọwọ́ sí sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé owó ìpolówó ló san, kò ra ìbéèrè. Ẹ̀gúnjẹ tí àlejò ń fi sínú àpòòwé lẹ́yìn ètò, dá a padà níṣojú ẹlòmíràn. Bó ti wù kó kéré tó, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa san án padà, nígbà tí o bá fẹ́ bi í ní ìbéèrè tó le.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa maíìkì

Jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ àpótí ìdalẹ̀sí. Ká ní òṣìṣẹ́ káńsù ṣèlérí lórí afẹ́fẹ́ pé yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí o tó kúrò ní stúdíò, kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tó sọ, ọjọ́ tó sọ ọ́, ọjọ́ tó dá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pe ìyálọ́jà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, lọ sí ọjà náà fúnra rẹ. Tí àpótí bá ti dé, sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà lórúkọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kì í sábà gbọ́ ọpẹ́ lórí rédíò, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ yóò gbé fóònù nígbà mìíràn tí o bá pè é. Tí kò bá tíì dé, bẹ̀rẹ̀ ètò ọjọ́ náà pẹ̀lú rẹ̀: "Lónìí ló pé ọ̀sẹ̀ méjì." Máa kà á bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìfi èébú kún un. Bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú gọ́tà náà pẹ̀lú, kí o sì bi àwọn ọlọ́jà bí ọmọkùnrin agbálẹ̀ náà bá ṣì ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, nítorí àwọn náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Lọ sí ọjà tàbí ibùdókọ̀ kan tó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì láìgbé ẹ̀rọ dání. Kọ orúkọ iṣẹ́ ènìyàn márùn-ún, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ dáadáa, àti àkókò tó ráyè sọ̀rọ̀.

2. Mú ẹ̀dùn ọkàn kan tí o gbọ́ níbẹ̀, kí o sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ètò. Sọ ìjọba tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì tọ́ka sí ibi tí o ti rí i nínú ìwé òfin.

3. Tún àpẹẹrẹ kìíní òkè yẹn kọ fún àlejò mìíràn: awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọ́n gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè rẹ kò gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tí a lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan dáhùn.

4. Ẹ pín ara yín sí méjì-méjì. Kí ẹnìkan ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìbéèrè, kí ẹnìkejì bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìjẹ́ kí ọ̀wọ̀ sọnù. Ẹ gbà á sílẹ̀, kí gbogbo kíláàsì sì gbọ́ ọ.